Lẹ́yìn Òkìtì Síléètì

Oṣù kẹfà ni mo rà wọ́n lọ́wọ́ Tegwen ará Maentwrog,
adìẹ mẹ́rin nínú páálí bàtà òjò,
wọ́n ń yọjú níbi ihò bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.
“Kí oṣù kẹsàn-án tó parí,” obìnrin náà wí,
“wàá máa wá ẹni tí wàá fún ní ẹyin jẹ.”
Mo gbà á gbọ́. Mo ra àwo ẹyin tuntun.

Òjò ń rọ̀ ní Blaenau bó ṣe máa ń rọ̀,
òjò tí kì í bínú, tí kì í sì í lọ sílé,
síléètì òrùlé wa ń dán bí ẹ̀yìn ẹja.
Ogójì ọdún ni mo fi la òkúta yẹn nínú òkè.
Mo mọ bí a ṣe ń fetí sí òkúta kó tó là:
o kàn án, o dákẹ́, yóò sọ ibi tó fẹ́ gbà fún ọ.
Adìẹ kì í ṣe òkúta.
Mo fetí sí Dilys, mo fetí sí Nansi,
ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ.

Mo kan àpótí fún wọn, mo tẹ́ koríko gbígbẹ sí i,
mo gbé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan síbẹ̀
kí wọ́n lè mọ ohun tí à ń wí.
Nansi wò ó. Ó ṣu sí i lórí.

Mo lọ ìkarahun. Mo ka àpò oúnjẹ: ìkíní, ìkejì, ìkẹrin.
Gwilym aládùúgbò fi ìgbọ̀nwọ́ ti odi:
“Gethin, ẹyin tó bá jáde níbẹ̀ yẹn,
inú báǹkì ni kó o tọ́jú ẹ̀ sí.”
Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ ra ẹyin mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù,
mo fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ búrẹ́dì kó má baà rí i.

Oṣù kẹsàn-án kọjá. Ogbe wọn pọ́n.
Bí mo bá na ọwọ́, wọ́n á lóṣòó sílẹ̀ gbàgà.
Àmì rèé, ìwé sọ bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti ń kúrú; oòrùn ń jáde bí ẹni tó jẹ gbèsè,
á yọjú lókè Moelwyn, á tún sá.
Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ló ń pe ẹyin jáde.
Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà.
Mo mọ baba yẹn dáadáa: a jọ ń jókòó sórí korobá
nínú òjò, à ń wo ìdí adìẹ.

Eluned ti ibi iṣẹ́ òru dé, aṣọ nọ́ọ̀sì lábẹ́ kóòtù,
ó bá mi níbẹ̀ láago méje àárọ̀.
“Ọmọ méjì ni mo gbẹ̀bí wọn lóru àná,” ó ní,
“n kò sì tẹjú mọ́ ìyá kankan tó báyìí.”

Lọ́jọ́ Sátidé kan, atẹ́gùn gbé ọmọrí garawa ìdọ̀tí lọ.
Mo ń wá a kiri lẹ́yìn òkìtì síléètì àfọ́kù
tí mo ti ní n óò kó kúrò láti ìgbà tí Mabli wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.
Èsìsì jó mi lọ́wọ́. Mo ká a sẹ́yìn, mo wò:
ẹyin mọ́kànlá.
Mọ́kànlá, aláwọ̀ tíì, aláwọ̀ iyanrìn, ọ̀kan kékeré bí ẹyin ẹyẹlé,
nínú kòtò tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn gbẹ́.
Dilys dúró lórí òkìtì, ó ń wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.
Gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù
ni wọ́n ń gba ẹ̀yìn mi kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Mo kó wọn sínú fìlà. A ò mọ èyí tó pẹ́, a ò mọ tuntun.
Eluned bu omi sínú abọ́, ó ń kó wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mẹ́jọ rì, wọ́n dùbúlẹ̀. Méjì léfòó, a sọ wọ́n nù.
Èyí kékeré, èyí àkọ́kọ́ bóyá,
fi ìdí kan ìsàlẹ̀ abọ́, ó gbé orí sókè,
bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun dìde.
A jókòó tì í, à ń wò ó.
Gwilym kan ilẹ̀kùn. A kò tíì dá a lóhùn.